Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ẹ fẹ́ gbé Bhavai wọ gbọ̀ngàn, ẹ má yọ Rangla aláwàdà o

Mo ti wo fídíò rìhásà tẹ́ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ká má parọ́, inú mi ò dùn sí i, torí ohun tó dójú tì wá ní Ahmedabad nígbà tí mò ń kàwé níbẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ ṣe yìí. Mi ò ní máa ṣàlàyé Bhavai, eré ìbílẹ̀ àwọn ará Gujarat ní India, fún yín, Gujarat lẹ wà, ẹ ti mọ̀ pé Asaita Thakar ará Siddhpur ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, pé àwọn Brahmin (ẹ̀yà àlùfáà) ẹgbẹ́ ẹ̀ lé e kúrò láàárín wọn torí ó bá ọmọbìnrin ẹ̀yà Patel kan jẹun pọ̀ láti fi hàn pé ọmọ òun ni, kó lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀gágun tó jí i gbé. (Ọkùnrin tí wọ́n lé torí oúnjẹ ló di baba àwọn òṣèré, èmi fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an.) Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀kọ́ tèmi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ẹ gé e kúrú. Ní abúlé, alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀ á fi mọ́, vesh kan (eré kúkúrú kan) á parí, òmíràn á bọ́ sí i, àmọ́ ẹni tó máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la ò ní bá yín jókòó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú vesh kan ṣoṣo. Àwọn Nayak tó ń ṣe Bhavai láti ìran dé ìran fúnra wọn ń gé e, wọ́n sì ń fà á gùn, bí èrò bá ṣe rí ni.

Èkejì, bhungal. Fèrè bàbà gígùn yẹn, ẹ wá èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n fọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo èyí tẹ́ẹ gbà sórí fóònù. Ẹni tó ń fọn ọ́n ń wo ẹsẹ̀ òṣèré ni, tí òṣèré bá dúró lójijì òun náà á dúró. Fóònù ò ríran.

Ẹ̀kẹta ni Rangla, ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, mi ò sì mọ̀ bóyá a máa dé ẹ̀kẹrin.

Dáírẹ́kítọ̀ wa nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mú vesh tó ń jẹ́ Jasma Odan. Ẹ mọ̀ ọ́n: Siddhraj Jaisinh ọba Patan ń gbẹ́ adágún Sahasralinga, àwọn Od tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ wá síbẹ̀, ọba rí Jasma, ó lóun á fẹ́ ẹ, Jasma lóun ti lọ́kọ, ọba pa ọkọ, Jasma náà para ẹ̀, ó sì fi adágún náà gégùn-ún pé omi ò ní dúró níbẹ̀. Ni ọ̀gá bá ní ìtàn ẹkún ò gbọdọ̀ ní aláwàdà nínú, pé èèyàn ìlú ńlá fẹ́ nǹkan tó síríọ́ọ̀sì. Ó yọ Rangla dànù. Ó kó wa sórí sítéèjì gíga, ó pa iná orí àwọn òǹwòran, ó tan iná búlúù sí Jasma lójú.

Mo sọ fún un o. Lóòótọ́ àlejò ni mí, Gujarati mi ò sì já geere, àmọ́ ibi tí eégún alárìnjó ti ń bá òǹwòran tàkúrọ̀sọ ni mo ti wá. Mo ní sà, Rangla ló ń bi Nayak tó ń darí eré ní ohun tó wà lọ́kàn àwọn èrò, tẹ́ẹ bá yọ ọ́, ta ló máa bá ọba wí? Ó ní kí n lọ to àga.

Àga náà ni mo tò.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí ọba na ọwọ́ sí Jasma, ìyá àgbà kan ní ìlà iwájú lọgun mọ́ ọn pé ojú ò tì ẹ́! Ní abúlé, ibẹ̀ gan-an leré ti ń dùn. Rangla á yí sí Nayak, á ní Nayak, ìyá yìí ní ojú ò ti ọba, kí lẹ rí sí i? Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, wọn á sì tún bínú sí ọba sí i. Àmọ́ tiwa, ọmọ tó ń ṣe ọba dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí, ó ṣe bíi pé òun ò gbọ́, ó tún ọ̀rọ̀ tó há sórí bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tó ń darí èrò wá sọ fún ìyá pé kó dákẹ́. Ìyá dákẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn bá a dákẹ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Jasma fi máa kú, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ní mítíìnì ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní àwọn òǹwòran ni ò lajú, pé àlejò kan tó ń kùn kiri náà sì ti já àwọn òṣèré láyà. Bẹ́ẹ̀ Shanta Gandhi tó jẹ́ dáírẹ́kítọ̀ ti gbé Jasma kan náà yìí sórí ìtàgé pẹ̀lú National School of Drama ní Delhi ní 1968, ti Rangla ti Rangla, àwọn ará Delhi ò sì sọ pé aláwàdà bà á jẹ́. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin náà ẹ wo fídíò yín, Rangla yín ń ka àwádà látinú ìwé! Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kẹ́ẹ yọ ọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka ìròyìn òwúrọ̀, kó mọ iye tí àlùbọ́sà ń lọ lọ́jà. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ọba di kọntirakítọ̀ tó fẹ́ gba ilẹ̀ ní tipátipá, kò sẹ́ni tó ní a ba àṣà jẹ́. Àwádà tó ń fi ẹ̀yà àwọn tálákà ṣẹlẹ́yà, tó ń bú ìyàwó ilé, ìyẹn ni kẹ́ẹ gé. Ẹ sì sanwó fún àwọn Nayak àgbà tẹ́ẹ ń pè wá kọ́ yín o. Mo ti rí i tí wọ́n mú bàbá kan wá láti Unjha, tíì àti fọ́tò ni wọ́n fún un, ẹni tó kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹ̀ wá ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n Bhavai. Olè ni.

Tí wọ́n bá fi bóòtù de àga mọ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn yín, ẹ bọ́ síta níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, ẹ fa chachar yín (ojú agbo eré) róbótó sílẹ̀, kí èrò jókòó yí i ká, kí iná wà lórí tiwọn náà. Ẹ tún fídíò yẹn yà níbẹ̀, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọdún Navratri tó dé.