Ohun Tí Mo Gbọ́ Lẹ́yìn Tí A Ti Pa Iná ní Ìpàgọ́

Lọ́dọọdún, bí a bá ti ti ìpàgọ́ ilé-ìwé wa dé, iṣẹ́ kan wà tí ó máa ń já lé mi léjìká: kíkọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a óò bu ọlá fún níwájú gbogbo ilé-ìwé nítorí ìwà wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Máàkì ìdánwò ni ó rọrùn láti kà, nítorí pé ẹni tí ó gba 80 ti ju ẹni tí ó gba 70 lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi òṣùwọ̀n wọn sùúrù? Ta ni yóò dúró níwájú àwọn òbí kí ó sọ pé ìwà tútù ọmọ kan fi máàkì mẹ́wàá ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ?

Mo ti ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí rí, àṣìṣe náà kò sì kéré. Ní ọdún kan, kí a tó gbéra lọ sí ìpàgọ́, mo kéde ní ìpéjọ òwúrọ̀ pé ọmọ tí ìwà rẹ̀ bá dára jù lọ níbẹ̀ yóò gba ife ẹ̀yẹ. Inú mi dùn sí ọgbọ́n tí mo rò pé mo dá. Nígbà tí a dé ọ̀hún, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: bí olùkọ́ bá ti ń bọ̀, ọmọ mẹ́ta á di ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo mú, bí olùkọ́ bá ti kọjá, ìgbálẹ̀ á wà nílẹ̀. Àwọn tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn sókè ketekete kí n lè gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pọn omi àárọ̀ yìí?” Ojú tì mí. Ọmọ náà kò ṣe ohun tí ó burú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní òwò, tí mo sì pe òwò náà ní ìwà.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí n tó ka ìwádìí kan tí Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé jáde ní ọdún 1973. Wọ́n mú àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n ṣèlérí fún apá kan pé bí wọ́n bá yàwòrán, wọn yóò gba ìwé ẹ̀yẹ. Wọ́n fún apá kejì ní ìwé ẹ̀yẹ kan náà láìjẹ́ kí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú. Wọn kò sì fún apá kẹta ní ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tí a ti ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún àwòrán mọ́. Àwọn tí ẹ̀yẹ dé bá lójijì kò pàdánù ìfẹ́ tiwọn. Bí mo ti ń kà á ni korobá ọmọbìnrin yẹn padà wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé bóyá ó ti ń pọn omi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ kí n tó gbé ife wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ilé-ìwé Kristẹni ni tiwa, ọ̀rọ̀ náà sì tún le fún wa ju bí ó ti le fún àwọn ẹlòmíràn lọ. Nínú ìwé Mátíù orí 6, Jésù kìlọ̀ pé kí a má ṣe ìtọrẹ àánú wa níwájú ènìyàn kí wọ́n lè rí wa, ó sì ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Báwo ni èmi yóò ṣe wá pe ọwọ́ ọ̀tún ọmọ jáde kí gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́ fún un? Síbẹ̀, orí 5 ìwé kan náà ní kí ìmọ́lẹ̀ wa kí ó mọ́lẹ̀ níwájú ènìyàn, àwọn àgbà wa pẹ̀lú sì ti sọ pé yin ni yin ni kí ẹni ṣe òmíràn. Mo ti gbọ́ tí àwọn olùkọ́ kan fi orí kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó dúró, pé ìdí tí ọmọ fi ṣe ohun rere ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́, kí ìyìn wa má baà wọ inú ìdí náà lọ ṣe ibùjókòó.

Kí ni ó dé tí ìpàgọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Nítorí pé kíláàsì kò fi ọmọ hàn wá tó. Ní ọdún 1928, Hugh Hartshorne àti Mark May tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ju 10,000 lọ, tí wọ́n fún ní àyè láti ṣe òjóóró nínú ìdánwò, nínú eré ìdárayá àti nínú iṣẹ́ àṣetiléwá láìmọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ wọn. Wọ́n rí i pé ọmọ tí kò jí ìwé wò nínú ìdánwò lè yí máàkì ara rẹ̀ padà lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó purọ́ níhìn-ín lè ṣe olóòótọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá wá fi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, lórí àga kan náà, nínú yàrá kan náà, sọ pé òun ti mọ ìwà ọmọ, ibi kan ṣoṣo ni ó ti rí i. Ní ìpàgọ́, a ń rí i nígbà tí oorun ń kùn ún, nígbà tí òjò pa á, nígbà tí ebi ń pa á tí oúnjẹ kò tíì jinná, àti nígbà tí ó di dandan kí ó bá ẹni tí kò fẹ́ràn sùn nínú àgọ́ kan. Kò sí ilẹ̀kùn tí yóò tì mọ́ra.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1861, Frederick Gunn àti aya rẹ̀ Abigail, tí wọ́n ní ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Connecticut, kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn rin nǹkan bí máìlì 40 lọ sí etí òkun, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka ti wọn sí ìpàgọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1907, Baden-Powell, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀, kó ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da àwọn ọmọ ọlọ́lá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo bá ń pín àwọn ọmọ sí àgọ́, èyí ni mo máa ń rántí, n kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mẹ́rin kó ara wọn jọ, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó.

Alẹ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Òjò ti rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. A ti gbàdúrà, a ti pa iná, mo sì ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ okùn àwọn àgọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ilẹ̀ tí òjò bá ti mu kì í di èèkàn mú dáadáa. Mo dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ kẹrin, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ èèkàn kan wọlẹ̀, ni mo gbọ́ ẹkún. Ẹkún tí ọmọ fi ìbora dí lẹ́nu ni, tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí òsúkè. Mo mọ ọmọ náà. Òun ni ó kéré jù nínú àgọ́ náà, kò sì sun ibòmíràn rí yàtọ̀ sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Mo ti na ọwọ́ láti ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà nígbà tí ohùn mìíràn sọ̀rọ̀, ohùn tí mo lè dá mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí n kì í sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ọmọ ọdún 12 ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Ṣé o mọ Orin Dáfídì 23?” ni ó béèrè. “Mo fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣì í. Kí o máa bá mi tún un ṣe o.”

Kò dúró gba èsì. “Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní. Ó mú mi dùbúlẹ̀ nínú pápá oko tútù. Ó mú mi lọ sí ibi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Gbogbo àgọ́ dákẹ́. Ohùn tí ẹkún ti dí wá sọ pé, “Kì í ṣe lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi dídákẹ́ rọ́rọ́ ni.”

“Ó dá ọ lójú? Èyí tí a fi wẹ̀ láàárọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, díẹ̀ ló kù kó pa mí.”

Ẹ̀rín àti ẹkún jáde pọ̀ lẹ́nu ọmọ kékeré náà. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹsẹ kan tí aláriwo yìí kò ṣì, kò sì sí ibi tí ó ti ṣì í tí ọmọ kejì kò tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fi dé àfonífojì òjìji ikú, ẹni tí ń sunkún ni ó ń ka iwájú, ekejì ń tẹ̀ lé e. Mo pa tọ́ọ̀ṣì mi, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí èèkàn títí wọ́n fi dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ni ọmọ ọlọ́rọ̀-púpọ̀ yẹn ti ka orí yìí kan náà níwájú kíláàsì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì ṣì í níbì kankan.

Nínú Gálátíà 5:22-23, Pọ́ọ̀lù ka ohun mẹ́sàn-án sílẹ̀, láti orí ìfẹ́ dé ìkóra-ẹni-níjàánu, ó sì pè wọ́n ní èso. Nígbà tí ó ń sọ ti ara díẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ ni ó pè é. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ yìí lọ́pọ̀ ìgbà láìronú sí ìyàtọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ni ènìyàn ń ṣe kí ọ̀gá lè rí i. Èso ń so nínú òkùnkùn bí ó ti ń so lójú ọ̀sán. Ẹnu tí mò ń bá wí lójoojúmọ́ ni èso ti so lóru ọjọ́ yẹn, mo sì jẹ́wọ́ pé ibẹ̀ ni ǹ bá ti wá a gbẹ̀yìn.

Ìyọnu tèmi wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a délé tí mo jókòó ti ìwé orúkọ. Bí mo bá sọ ohun tí ọmọ yìí ṣe níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo ti tú àṣírí ẹni tó sunkún. Bí mo bá kàn sọ pé ọmọ rere ni, n kò tíì sọ ohunkóhun, nítorí pé irú ìyìn bẹ́ẹ̀ dà bí aṣọ tí a rán láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà báyìí ni pé a kì í kéde ohunkóhun ṣáájú, kò sí ìdíje, kò sì sí ife. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ ohun kan ṣoṣo tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ní gbólóhùn kan, a ó sì ka èyí tí kò lè dójú ti ẹnikẹ́ni sókè. Ní ọdún yẹn a ka ti ọmọbìnrin kan tí ó fọ́ àtùpà, tí ó sì wá sọ fún wa kí a tó mọ̀ pé àtùpà ti fọ́. A ka ti ọmọkùnrin kan tí ó pàdánù nínú eré ìje, tí ó sì dúró ní ìlà òpin títí ẹni ìkẹyìn fi dé. Òbí kan bínú pé wọn kò dárúkọ ọmọ òun, a sì gba ìbínú náà. Èyí tí kò ṣeé kà sókè, a máa ń pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan sọ fún un, bí ó bá sì yẹ, a ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀.

Mo pe ọmọ náà lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ìrísí rẹ̀ ti fi hàn pé ìbáwí ni ó ń retí. Mo sọ fún un pé mo wà lẹ́yìn àgọ́ ní alẹ́ ọjọ́ òjò, pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, pé mo sì mọ̀ dájú pé ó mọ orí náà dé ìparí. Mo ní ohun tí ó ṣe wọ̀ mí lọ́kàn, n ó sì kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀.

Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ gbọ́ o,” ni ó kọ́kọ́ sọ. Mo ṣèlérí. Ó yí padà bí ẹni tí ń lọ, ó tún dúró. “Sà, ṣé ẹ máa wá yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn aláriwo?”

Mo yọ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó ti padà síbẹ̀, ó sì wà ní ipò kìn-ín-ní.