Jáàkì ni wọ́n fi ya irin fèrèsé mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ṣílẹ̀kùn

Kíṣìnnì ni mo kọ́kọ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ gbé omi kaná fún ọkọ mi. N ò rí sílíńdà gáàsì. Mo rò pé ọmọ wa ọkùnrin ló gbé e lọ ra gáàsì, àfi bí mo ṣe rántí pé inú ọkọ̀ kan náà la jọ sọ̀kalẹ̀. Mo gbójú sókè. Irin méjì tó wà láàárín fèrèsé ti yà sọ́tùn-ún sósì, bí ẹsẹ̀ ẹni tó gẹṣin.

Àdúgbò Adégbayì la ń gbé nílùú Ìbàdàn, mo sì ń ta ankárá àti léèsì ní Gbági Tuntun. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ń gbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wa wọ aṣọ ẹbí, mo ya wá ní fọ́tò, mo gbé e sórí status WhatsApp mi, mo kọ ọ́ sábẹ̀ pé: "Ògbómọ̀ṣọ́ yá, ó di ọ̀la o!" A ò tíì kọjá Mọ́níyà tí èèyàn bí ogójì ti wò ó. Oníbàárà ló pọ̀ jù nínú wọn, èmi gan-an ò mọ ìdajì wọn lójú.

Nígbà tí a padà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, géètì wà ní títì, ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì. Mo tiẹ̀ ti ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgádágodo mẹ́ta lára géètì kan ṣoṣo, ṣé báńkì ni?

Ọlọ́pàá tó wá wo fèrèsé ló là á yé wa. Jáàkì ọkọ̀ ni wọ́n máa ń há sáàárín irin méjì, wọn á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Kò ní pariwo. Irin á ya, ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á gbabẹ̀ wọlé. Wẹ́dà tó wá tún un ṣe fi kún un pé òòró nìkan ni irin tiwa dúró, kò sí irin ìbú tó dì í mú, àti pé ìta ni wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Ó ní irin tó bá máa ṣiṣẹ́, inú ògiri ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí irin ìbú sì gba ara rẹ̀ kọjá ní bíi ibi mẹ́ta. Ẹ lọ wo tiyín lónìí. Ẹ má wo ti iwájú ilé o, ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ.

Wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, bátìrì inverter méjì, léèsì tí mo kó wálé nítorí pé ẹ̀rù iná ọjà ń bà mí, àti fóònù oníbọ́tìnnì tí mo fi sínú dúróà. Ní tésàn, wọ́n ní kí n sọ nọ́ńbà tó wà lára tẹlifíṣọ̀n. Mo ní dúdú ni. Ọlọ́pàá náà wò mí títí. Kò sí rìsíìtì, kò sí nọ́ńbà, kò sí fọ́tò. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí pé tèmi ni? Lónìí, gbogbo ohun èlò tó wà nílé mi ni mo ti ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn, níbi tí nọ́ńbà wà. Ti fóònù rọrùn: ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù náà fúnra rẹ̀ o, mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Fóònù oníbọ́tìnnì yẹn, tí n ò kà sí, òun ló dùn mí jù. Láìnì tí báńkì mi mọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ Àìkú, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sunkún rẹ̀. Nígbà tí mo dé báńkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi láìnì náà fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà lápapọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ píìnì mi? Ọdún tí wọ́n bí mi ni. Káàdì ìdìbò mi, tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí mi sí gàdàgbà, wà nínú dúróà kan náà.

Nítorí náà, bí olè bá jà yín, kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kó, láìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Ẹ pe báńkì, ẹ pe oníláìnì. Nọ́ńbà báńkì sábà máa ń wà lẹ́yìn káàdì ATM, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí káàdì náà ńkọ́? Mo ti kọ tèmi sórí páálí, ó wà lára ògiri yàrá. Mo sì ti ní kí ọmọ mi fi píìnì sórí SIM gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn, ó máa kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo ti gba láìnì mi padà, ọkùnrin kan pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ kú àdánù tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run á fi dípò." Ó ní láti báńkì ni òun ti ń pè, wọ́n ti rí owó mi dá dúró, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun kí wọ́n lè dá a padà. Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́. Mo ti là á lẹ́nu, "mẹ́rin, méje," ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá já fóònù gbà. Òun ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Èmi ń bá ènìyàn gidi sọ̀rọ̀, ọmọ kékeré ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi! Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá.

Mo ti rò ó títí: kí ló dé tí mo fi gba ọkùnrin yẹn gbọ́? Ó kí mi dáadáa ni.

Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí olè tó jà wá, ọmọkùnrin méjì kan wá sí géètì, wọ́n ní àwọn wá yẹ mítà iná wò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ṣílẹ̀kùn, mo fún wọn lómi tútù. Ọ̀kan ní òun fẹ́ tọ̀, mo júwe ilé ìtọ̀ fún un, ẹ̀gbẹ́ kíṣìnnì sì ni. Èkejì bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wà nínú ilé ńlá yìí ni, mà?" Àánú ló fi bi mí. Ni mo bá tẹ́ ìtàn sílẹ̀: Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, a tiẹ̀ máa lọ ìgbéyàwó láìpẹ́. N ò lè búra pé àwọn ni. Ṣùgbọ́n ta ló tún mọ fèrèsé ẹ̀yìn?

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ó nira láti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Gbájúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju àwa gan-an lọ. Mo ṣì ń dáhùn ìkíni o, n kì í ṣe ọ̀yájú. Àmọ́ láti inú ni mo ti ń dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta díẹ̀, ẹ jẹ́ n pe alága àdúgbò." Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kì í bínú, ó kàn máa wá ibòji dúró sí.

Ohun tó tún kù tó ń tì mí lójú ni ti Màmá Ìbejì tó fi fẹ́ńsì tì wá. Ó gbọ́ ìró lóru Sátidé. Ó ní òun rò pé àwa ni. N ò dá a lóhùn dáadáa láti ìgbà tí a ti jà lórí gọ́tà, báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé a rìnrìn àjò? Gèlè méjì ni mo mú lọ bẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí òun nìkan ló máa ń mọ̀ tí a bá jáde nílùú, ọmọ rẹ̀ ló ń bá wa tan iná alẹ́, tó sì ń pa á lówùúrọ̀, nítorí gílóòbù tó ń tàn lọ́sàn-án gangan ń sọ fún olè pé kò sẹ́nì kankan nílé. Fọ́tò ìrìn àjò, ó di ìgbà tí mo bá padà dé.

Àdúgbò náà ti jí. A ti fi géètì sẹ́nu ọ̀nà, aago mọ́kànlá la ń tì í, ọdẹ méjì ń ṣọ́ ọ, fèrè sì wà nílé kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù, àwọn tó ní mọ́tò mẹ́ta ló sì máa ń jìyàn jù. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì 615 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ògiri mi pẹ̀lú ti Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, fèrè Màmá Ìbejì á ti kọ́kọ́ dún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àkàbà wá, ó ní òun fẹ́ yẹ wáyà iná wò. Mo kí i, mo ní kó dúró kí n pe alága. Ó ní kò sí wàhálà, òun fẹ́ lọ mú káàdì ìdánimọ̀ òun wá nínú ọkọ̀. Àkàbà rẹ̀ ṣì wà lára fẹ́ńsì wa. Ọdẹ ti fi pààrọ̀ gílóòbù méjì.