Ta Ló Ní Kí Wọ́n Yọ Nọ́ńbà Mẹ́jọ?

Ọjọ́ Àìkú, ìdájí

Oorun kọ̀, kò kùn mí. Mo dùbúlẹ̀, mo dìde, mo mu omi, mo tún dùbúlẹ̀. Bí mo bá ti pajú dé báyìí, ayò kejì yẹn ni mò ń rí: bí bọ́ọ̀lù ṣe fò kọjá lórí àwọn ẹ̀yìn wa, bí aṣọ́lé wa ṣe gbé ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ mú un, tó tún yí èrò padà. Kó tó dá ẹsẹ̀ yẹn padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. 2–1. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ mọ́ tí rẹfirí ì bá fi fọn fèrè.

Ká ní wọ́n nà wá 4–0 ni, ǹ bá ti sùn tipẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lù bolẹ̀ kì í jiyàn, á kàn gbọn aṣọ rẹ̀, á máa lọ sílé. Èyí tó ń dun èèyàn wọ egungun ni kí ẹgbẹ́ ẹni ti gbá ọ̀kan wọlé láti ìṣẹ́jú 21, kí òmíràn lọ ba òpó, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù tó wuni í wò fún wákàtí kan gbáko, kí wọ́n wá lọ jókòó de ẹni tó ń lé wọn.

Àwa mẹ́rin la jọ wò ó nínú pálọ̀: èmi, Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá tó jẹ́ pé bó ti wù kó rí, ẹ̀yìn kóòṣì ló máa gbè sí, àti ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré sí. Ẹ fi ti ìwé yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Nọ́ńbà mẹ́jọ wa, tó ń gbá àárín, kì í ṣe ẹni tí àlejò máa kọ́kọ́ rí lórí pápá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kì í sì í fi bọ́ọ̀lù dárà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ti wà níbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Tí àwọn ẹ̀yìn bá gba bọ́ọ̀lù, òun lojú wọn ń wá. Tí kò bá rí ọ̀nà síwájú, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, gbogbo wa á mí.

Ìṣẹ́jú 68 ni kóòṣì yọ ọ́, tó sì fi ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn wá di márùn-ún, iwájú ku ẹnì kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn lọ, bọ́ọ̀lù tí a bá gbá jáde ń padà wá bí èyí tí ọmọdé ń gbá mọ́ ògiri. Mo ka èyí tí àwọn ẹ̀yìn wa gbá sókè lé ara wọn: mẹ́fà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bọ́ sẹ́sẹ̀ wọn, torí kò sẹ́ni tó máa dá a dúró fún wa láàárín. Ńṣe làwọn ẹ̀yìn ń sún, tí wọ́n ń sún, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sórí ẹsẹ̀ aṣọ́lé. Ìṣẹ́jú 83, kọ́nà, wọ́n fi orí kàn án, 1–1. Èyí tó kù, mo ti sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá ti dìde kí fèrè tó dún. “Ẹ lé e! Ẹ lé e lálẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá a!” Bí ẹni pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà jókòó tì wá. Nígbà tí kóòṣì jáde wá bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, tó ní ó ti rẹ àwọn ọmọ òun láti bí ìṣẹ́jú 60, Bọ̀ọ̀dá ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi pa tẹlifíṣọ̀n. “Ó rẹ ta ni? Èmi tí mo jókòó ló rẹ̀!”

Bọ̀ọ̀dá yìí, tínú bá ti ń bí wọn, ìtàn ni wọ́n máa ń fà yọ. Wọ́n kó wa lọ sí León ní Mẹ́síkò, kọ́tà fáínà Ife Àgbáyé 1970. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi 2–0 na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Franz Beckenbauer dá ọ̀kan padà, Alf Ramsey, kóòṣì Gẹ̀ẹ́sì, wá yọ Bobby Charlton tó ń gbá àárín fún wọn kó lè sinmi de sẹmi fáínà. Sẹmi fáínà wo? Uwe Seeler dá èkejì padà, Gerd Müller gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, ó di 3–2. Charlton ò tún gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. “Ẹni tó di eré mú, ẹ yọ ọ́! Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?”

Ọ̀rẹ́ wọn ò janpata. “Charlton ṣì wà lórí pápá nígbà tí ti Beckenbauer wọlé. Abẹ́ Peter Bonetti tó ń ṣọ́lé ló gbà kọjá. Gordon Banks, aṣọ́lé wọn gan-an, ló ń ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀bi Ramsey ni àìsàn náà?”

Ó wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Fáínà Champions League ní ìlú Barcelona, oṣù Karùn-ún 1999, Bayern Munich ń fi 1–0 na Manchester United, Ottmar Hitzfeld, kóòṣì Bayern, yọ Lothar Matthäus ní ìṣẹ́jú 80. Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tó tẹ̀ lé e: Teddy Sheringham, Ole Gunnar Solskjær, àwọn méjèèjì ti orí bẹ́ńṣì United wọlé, ayò méjì lẹ́yìn tí 90 pé. “Àmọ́ ẹ gbàgbé pé lẹ́yìn tí Matthäus jáde, Carsten Jancker yí ara dà, ó gbá a gba orí ara rẹ̀, ó ba ọ̀pá òkè. Ká ní ọ̀pá yẹn fi bí ìka méjì ga sí i ńkọ́? Wòlíì lẹ̀ bá máa pe Hitzfeld. Bayern ò sì lé e. Ní 2001, òun náà ló gba ife yẹn fún wọn.”

“Leicester lé Ranieri, kóòṣì wọn, ńkọ́?” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Ó gba líìgì fún wọn ní 2016, wọ́n lé e ní oṣù Kejì 2017!”

“Ẹ sì rò pé àpọ́nlé nìyẹn?”

Èmi ò kúkú dákẹ́. Ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá ni mo wà gbágbáágbá. Mo ní látọjọ́ tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò rí ìpààrọ̀ burúkú báyìí rí. Mo lu apá àga. Mo ní ọmọdé pàápàá mọ̀ pé èèyàn kì í yọ nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn.

Ọmọdé tí mo pè yìí bá ṣí ìwé rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ó fi ìka sábẹ́ ìlà kan, ó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì: “Ìṣẹ́jú 57. Àǹtí ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà 8, wọ́n ní ó ti ń rìn.”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ́ sílẹ̀ látorí àga. Bọ̀ọ̀dá wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó ta eré náà.

Mo ní àwíjàre, ẹ jẹ́ kí n wí i níbí tẹ́nì kankan ò ti ní já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ mi ò ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ kékeré kan wà lórí bẹ́ńṣì tó ń gbá àárín, ó ti ń na ara láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́. Òun ló yẹ kó wọlé. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí: nígbà tí kóòṣì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn karùn-ún yẹn, ìbẹ̀rù ló fi rọ́pò nọ́ńbà mẹ́jọ. Ìwé ọmọ yẹn ò sáà kọ àlàyé mi sílẹ̀, ohun tí mo pariwo ló kọ.

Ní 1970, agbábọ́ọ̀lù méjì péré ni kóòṣì lè pààrọ̀. Lónìí, láti 2020, ó ti di márùn-ún. Ọ̀nà márùn-ún ni kóòṣì ní láti ṣàṣìṣe, ọ̀nà márùn-ún làwa náà ní láti gbọ́n jù ú lọ lẹ́yìn tí fèrè bá ti dún.

Ohun tó lé oorun mi lọ gan-an ò sí nínú ìwé ọmọ yẹn, inú ìwé tèmi ló wà. Mo ṣí i padà sí oṣù tó kọjá. Ìpààrọ̀ yìí kan náà ló ṣe nígbà náà: ó yọ ará àárín, ó fi ẹ̀yìn sí i, ó ku ogún ìṣẹ́jú, 1–0. Àwọn tó ń bá wa gbá a lọ́jọ́ yẹn gbá ti wọn ba òpó nígbà méjì, kò wọlé, a jáwé olúborí. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí: “Kóòṣì wa gbọ́n lónìí.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó parí.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, mo gbé fóònù, mo wo eré náà látìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni mò ń wò lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà mẹ́jọ ni mo tẹjú mọ́. Ìṣẹ́jú 57, òótọ́ ni, ó ń rìn. Ìṣẹ́jú 62, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mú. Ìṣẹ́jú 66, bọ́ọ̀lù ti jáde, kámẹ́rà ń lé ẹni tó fẹ́ lọ jù ú. Ní igun àwòrán, níbi tójú ò ti ní í débẹ̀ tí èèyàn ò bá wá a, nọ́ńbà mẹ́jọ di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú, ó kọjú sí bẹ́ńṣì, ó ń yí ọwọ́ méjèèjì po ara wọn. Ẹ yọ mí.

Mo dá a dúró, mo dá a padà, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gé ibẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá. Mi ò mọ̀ pé àwọn náà ò sùn. Kíá ni èsì dé: “Ta ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sáré tó fi rẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú 66? Ẹ lé e!”

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù tún dún. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá ló gbé wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn: “Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ mà. Ìṣẹ́jú mélòó ló ṣe ọwọ́ yẹn? Mi ò rí i kọ.”

Mo dá a lóhùn pé 66, pé kó lọ sùn.