Ohun tí ínfátà ń jẹ nígbà tí a kò lò ó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ahéré oko

Bí ènìyàn bá wọ ọjà Àlàbá láti ra ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ilé ń lò, ohun àkọ́kọ́ tí òǹtajà yóò bi í ni pé, "kVA mélòó lẹ fẹ́?" Ìbéèrè náà, tí ó jẹ́ ti bí ẹrù tí ínfátà lè gbé ti pọ̀ tó, tọ́ sí ẹni tí fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù wà nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ fi iná oòrùn sí ahéré oko tàbí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wáyà NEPA kò dé, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ni bí iná tí ínfátà náà fúnra rẹ̀ ń jẹ ti pọ̀ tó nígbà tí a tàn án, tí a kò sì so ohunkóhun mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lo iná oòrùn ní oko, mo sì ti bá àwọn mìíràn yan tiwọn. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò jù, nítorí pé ojú kì í rí i.

Ahéré tí mò ń sọ yìí wà ní apá Ìdó, lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ. Yàrá kan ṣoṣo ni, páànù ni a fi bò ó. Ẹni tí ń ṣọ́ oko ni ó ń sùn síbẹ̀, èmi náà a sì máa jókòó síbẹ̀ láti ṣe ìṣirò oúnjẹ adìẹ àti ẹyin tí a tà. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ni a ń tàn nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, kò mọ́gbọ́n dání mọ́ kí a máa da epo sínú ẹ̀rọ nítorí gílóòbù mélòó kan àti fóònù tí ó fẹ́ gbaná.

Kí a tó dárúkọ ínfátà kankan, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò máa lo iná sílẹ̀, pẹ̀lú wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ óò fi lò ó lóòjọ́. Tèmi rí báyìí: gílóòbù LED mẹ́ta, wáàtì 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5, ó di wáàtì-wákàtí 105. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ń jẹ wáàtì 50 fún wákàtí 3 jẹ́ 150. Fáànù tí ń dúró nílẹ̀, wáàtì 50 fún wákàtí 4, jẹ́ 200. Fóònù mẹ́ta kò ju 45 lọ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 500 lóòjọ́, bí a bá sì tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ni yóò fi ju wáàtì 150 lọ. Ínfátà tí ó lè gbé wáàtì 300 sí 350 ti tó fún irú ẹrù yìí, àyè yóò sì tún ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan tí ó gbọ́ pé mò ń wá ínfátà sọ pé kí n wá gbé 3.5kVA tí òun ti lò nílé, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì tọrọ àyè láti wọ̀n ọ́n ná. Bátìrì fóòtì 24 ni ó ń lò. A yọ gbogbo ohun tí ó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, a tàn án, mo sì fi mítà gbá ọ̀kan nínú wáyà bátìrì rẹ̀ mú: nǹkan bí áńpíà 1.8 ni ó ń fà, èyí tí ó súnmọ́ wáàtì 45, láìsí gílóòbù kan ṣoṣo tí ó ń tàn. Bí a bá fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì-wákàtí 1,080 ni yóò máa jẹ lóòjọ́, ìyẹn ju ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo ahéré mi ń lò lọ. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 tí mo ní, bí mo bá ka oòrùn tí ó mú dáadáa sí wákàtí 4, tí mo sì yọ ohun tí ooru, eruku àti wáyà ń gbà níbẹ̀, kò lè mú ju 840 wá. Lóṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, wákàtí 3 ni mo máa ń kà, èyí tí ó jẹ́ 630. Ínfátà náà ìbá dà bí alágbàṣe tí ń jẹun nígbà mẹ́ta lóòjọ́ tí kò mú ọkọ́ dání. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ọ̀fẹ́ náà ni o tún ń fi mítà wọ̀n?" Mo fi ìṣirò náà hàn wọ́n, wọ́n sì gbà pé ilé wọn ni ó ti wúlò, níbi tí fìríìjì ti ń lò ó tọ̀sán-tòru.

Lára ìwé tí ó bá ínfátà wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "no-load current" tàbí "zero load power" sí. Bí ó bá jẹ́ áńpíà ni wọ́n kọ, ẹ fi fóòtì bátìrì sọ ọ́ di púpọ̀: áńpíà 0.6 lórí bátìrì fóòtì 12.5 jẹ́ wáàtì 7.5. Fún ínfátà kékeré, ohun tí ó bá wà láàárín wáàtì 4 sí 8 dára. Victron, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands, kọ ọ́ sí ìwé Phoenix 12/250 wọn pé wáàtì 4.2 ni ó ń jẹ lófo, ti 12/500 sì jẹ́ wáàtì 6. Owó rẹ̀ kò rọ̀ lọ́rùn, n kò sì sọ pé òun ni kí gbogbo ènìyàn rà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, kí a lè fi díwọ̀n àwọn yòókù. Bí ìwé kan kò bá sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ rárá, mo máa ń gbà pé ó ní ohun tí wọ́n kò fẹ́ kí a mọ̀.

Wíwọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kò le, bí òǹtajà bá jẹ́ ẹni tí ó ní sùúrù. Mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní clamp meter ni ẹ óò lò, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè ka iná bátìrì, ìyẹn DC, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kò lè ka ju AC, irú iná tí ilé ń lò, lọ. Wáyà kan ṣoṣo ni ẹ óò gbá mú, yálà ti pupa tàbí ti dúdú, nítorí pé bí ẹ bá gbá méjèèjì mú pọ̀, òdo ni yóò kà. Ẹ má ṣe fi mítà kékeré tí a ń tẹ̀ bọ àárín wáyà dánwò, nítorí iná tí ínfátà máa ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá tí a kọ́kọ́ so ó mọ́ bátìrì lè sun fíúsì mítà náà.

Ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ara páálí, 90% tàbí 93%, ìyẹn ìwọ̀n iná bátìrì tí ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹrù, kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹrù tí ó wà lórí ínfátà bá pọ̀ díẹ̀ ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Lóru, nígbà tí ó bá ku gílóòbù wáàtì 7 kan ṣoṣo lórí ínfátà tí ń jẹ wáàtì 7 lófo, ìdajì iná tí ó ń kúrò nínú bátìrì ni ó ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Lórí 3.5kVA ẹ̀gbọ́n mi, kò ní tó ìdá kan nínú méje.

Àwọn ínfátà kan ní ètò tí wọ́n ń pè ní ECO tàbí search mode, tí yóò máa sùn, tí yóò sì máa yọjú ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀ láti wò ó bóyá ẹnì kan ti tan nǹkan. Ó lè dín ohun tí ó ń jẹ kù sí nǹkan bí wáàtì 1. Àléébù rẹ̀ ni pé ṣájà fóònù kan ṣoṣo máa ń kéré jù láti jí i, gílóòbù LED kékeré a sì máa ṣẹ́jú dípò kí ó tàn. Ẹni tí fáànù àti kọ̀ǹpútà ni olórí ẹrù rẹ̀ yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ ju ẹni tí ń gba iná fóònù ní gbogbo òru lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ pure sine wave, ínfátà tí iná rẹ̀ dán bí ti NEPA, àti modified, èyí tí iná rẹ̀ kò dán tó bẹ́ẹ̀, èrò tèmi kò gùn: ẹ ra pure. Fáànù tí ó bá wà lórí modified a máa kùn, ooru inú rẹ̀ a sì pọ̀ sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé owó tí ó fi wọ́n jura wọn lọ kò tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ ba fáànù jẹ́ ní ìwọ̀n ínfátà kékeré.

Ohun tí ó gba ìfura jù lọ́jà ni àwọn àpótí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ 2000W tàbí 3000W sí lára. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò bá wọn sọ̀rọ̀. Wáàtì 2,000 láti ara bátìrì fóòtì 12 jẹ́ áńpíà tí ó lé ní 160, wáyà tí yóò gbé e sì gbọ́dọ̀ nípọn bí ìka ọwọ́. Bí wáyà inú páálí bá rí bí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, a ti rí ìdáhùn. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí pé fíúsì irú ti ọkọ̀ wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí méjì tí a kọ 30 sí, áńpíà 60 nìyẹn, èyí tí kò ju wáàtì 720 lọ kí fíúsì tó já, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀. Ẹ fi kVA náà sọ́kàn: ọ̀pọ̀ 1kVA kì í gbé ju wáàtì 800 lọ.

Àwọn àgbà oníṣẹ́ iná yóò sọ fún yín pé èyí tí ó wúwo ni ojúlówó. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé transformer ńlá ni ó ń mú un wúwo, irú rẹ̀ sì máa ń fara da ẹrù tí ń fa iná púpọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, bí ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ṣùgbọ́n irin inú transformer yẹn gan-an máa ń gba iná tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án. Níbi tí kò sí mọ́tò ńlá, ẹ máa fi ìwọ̀n kílò sílẹ̀, kí ẹ wo ìwọ̀n wáàtì lófo.

Ẹ wo fóòtì tí ínfátà yóò ti pa ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú kì í kú títí bátìrì yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé fóòtì 10.5, ìgbà náà sì ni bátìrì olómi tàbí GEL ti tán pátápátá. Bátìrì bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà, nínú bátìrì fóòtì 12 tí ó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtí 600 péré ni kí a kà sí tiwa nínú 1,200. Èyí tí a lè yí ibi tí yóò ti kú padà dára jù. Lithium yàtọ̀, ó ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú.

Ọ̀nà kan wà tí ó lè mú kí gbogbo ìṣirò wáàtì lófo yìí fúyẹ́, òun ni mo sì ń lò báyìí. Gílóòbù fóòtì 12 ni mo fi sí ahéré, mo so ó mọ́ ibi tí charge controller, ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso iná láti pánẹ́ẹ̀lì sí bátìrì, pèsè fún ẹrù, mo sì fi ibi ìgba-iná USB sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún fóònù, kò sí èyí tí ó gba inú ínfátà kọjá nínú wọn. Bátìrì kò jìnnà sí wọn, nítorí pé iná fóòtì 12 máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí wáyà bá gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Fáànù àti kọ̀ǹpútà nìkan ni ó kù fún ínfátà, súìṣì ínfátà náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ ẹni tí ń jáde yóò kàn án. Ẹni tí ó bá lè tò ó báyìí, tí kì í tan ínfátà ju wákàtí 5 lọ lóòjọ́, kò ní pàdánù ju wáàtì-wákàtí 50 lọ lórí èyí tí ń jẹ wáàtì 10 lófo, ó sì lè ra ínfátà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ó fi èyí tí ó kù kún owó bátìrì.