Fóònù Mi Di Dííjéè Níbi Ìdána

Orin inú fóònù mi kò ní ẹ̀yà, kò sì ní ẹ̀sìn. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lẹ́gbàá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú Bob Marley. Àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀, ti Àyìnlá Ọmọwúrà ọmọ Ẹ̀gbá náà sì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ àwọn méjèèjì kì í fẹ́ jókòó ti ara wọn. Mo ní jùjú I. K. Dáíró, ẹni tí ó mú akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963. Mo ní wákà Sàláwà Àbẹ̀ní, mo ní Fela, mo ní Franco ará Kóńgò, mo ní orin ìjọ Àgùdà tí wọ́n fi èdè Látìn kọ, mo sì ní Jim Reeves ará Amẹ́ríkà, ẹni tí bàbá mi máa ń gbọ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní bí àlejò bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, yóò rò pé ayálégbé mẹ́fà tí kò gbọ́ èdè ara wọn ni ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Nítorí pé n kò fẹ́ fi ọ̀kan ṣe olórí àwọn yòókù, mo ti tẹ fóònù náà sí ibi tí yóò ti máa mú orin tí ó bá bá ọwọ́ rẹ̀, láìtẹ̀lé ètò kankan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìgbádùn ni. Ṣùgbọ́n ìdána kì í ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ó fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an ni a sì ti lọ ṣe ìdána náà nínú oṣù kẹjọ ọdún. Àwa ọ̀rẹ́ ọkọ ti wọ aṣọ ẹbí, a ti tò sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nígbà tí kọ̀ǹpútà dííjéè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní tàn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, pàbó ni ó já sí. Alága ìjókòó, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ti ń kéde pé ẹbí ìyàwó kò lè máa wo ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó nawọ́ sí mi.

“Ẹ gba fóònù ọwọ́ ẹni yẹn. Orin tó wà níbẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ rédíò lọ.”

Kí n tó sọ pé ó dìgbà kan ná, dííjéè ti ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí,” ó ti já a gbà, ó ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì ti sáré jáde lọ wá ẹni tí yóò bá a tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi sídìí ẹ̀rọ, ọmọkùnrin kékeré kan tí ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà kankan, tí iṣẹ́ tí ó sì mọ̀ kò ju kí ó máa yí ohùn sókè lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ dára. I. K. Dáíró ni ó kọ́kọ́ jáde, a sì jó wọlé bí ọmọlúàbí. Alága ní kí a dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan sìmẹ́ńtì, imú mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú bàtà ẹni tí ó wà níwájú mi, bàtà tuntun tí wọn kò tíì ya iye owó kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a wà tí Jim Reeves fi bẹ̀rẹ̀ orin Kérésìmesì, tòun ti agogo.

“Ẹ̀yin ará ilé ọkọ,” ni Alága wí, “ṣé ìyàwó lẹ wá tọrọ ni, àbí Bàbá Kérésì lẹ̀ ń dúró dè?” Ó bu owó ìtanràn lé wa, ó sì ní a kò ní dìde títí owó yóò fi pé. Àtàǹpàkò mi nìkan ni ó lè ṣí fóònù náà, abẹ́ ikùn mi ni àtàǹpàkò ọ̀hún sì wà. Mo na ọwọ́ kejì sókè láti ilẹ̀, mo ń jù ú sí ọmọ ìdí ẹ̀rọ pé kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó mi orí pé ó yé òun, ó sì yí i sókè.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan ń ka ìwé ìtọrọ, tí ó ti dé ibi tí a ti kọ ọ́ pé a rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn, Àyìnlá Ọmọwúrà gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1980, ṣùgbọ́n kò tíì dẹ́kun èébú, èyí tí ó fi ń kọ lu àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni fóònù mi sì mú. Bàbá arúgbó kan dìde ní ìlà iwájú, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Ẹ̀gbá! Ẹ wá bú wa nínú ilé wa! Ní ìlú Haruna!”

Alága tún bu ìtanràn mìíràn.

Wọ́n mú ìyàwó jáde, wọ́n ní kí ó mú èyí tí ó wù ú nínú ẹrù ìdána, ó sì gbé Bíbélì. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, fújì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bísímílláhì. Ọmọ bíbí inú wéré ni fújì, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan, nítorí náà olórin náà kò ṣe ohun àjèjì kankan. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ ni àbúrò bàbá ìyàwó, ó sì ti di apá agbádá ọ̀rẹ́ mi mú, ó ń bi í léèrè bóyá irú ìgbàgbọ́ tí ó sọ fún wọn nìyí. Ọ̀rẹ́ mi tún nawọ́ sí mi. Mo ń fò lórí àga bọ̀ nídìí ẹ̀rọ nígbà tí Celia Cruz, ọmọ Kúbà, gbé orin tirẹ̀ jáde, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi kọrin sí òrìṣà tí àwọn baba ńlá wa gbé kọjá òkun nígbà oko ẹrú. Èdè Sípéènì kò yé ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ “Ṣàngó”. Pásítọ̀ jókòó. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Mo dé ìdí ẹ̀rọ, òógùn ti bo ọwọ́ mi, fóònù sì ní òun kò mọ àtàǹpàkò yìí rí. Mo ń nù ún mọ́ ṣòkòtò lọ́wọ́ nígbà tí agídìgbo dún, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá a lóhùn, tí Haruna Ìṣọ̀lá sì la ẹnu. Mo rọra gbé ọwọ́ mi kúrò. Bàbá arúgbó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó jó bọ́ sójú agbo, Alága tẹ̀ lé e, pásítọ̀ pàápàá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì níbi tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọmọ ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n náwó fún. Kò fún mi ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí a ń jẹun, bàbá náà ní kí wọ́n pè mí wá.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó mọ àpàlà kọ jù, Haruna tàbí Àyìnlá?”

“Bàbá, àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ràn, sà.”

“Ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ọmọ Ìbàdàn ni mí, sà.”

Ó yíjú sí ẹni tí ó jókòó tì í, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ará Ìbàdàn ni,” bí ìgbà tí ìyẹn ti parí ẹjọ́. Ó wá na ọwọ́, ó mú ẹran tí ó tóbi jù nínú àwo mi, ó ní Alága ti gba ìtanràn tirẹ̀, ti òun ni ó kù.