Ibi tí òwú méjèèjì ti pàdé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ́káníìkà ní LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣìnà nígbà iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ gba ibẹ̀.

Ọkọ̀ eré ìje ni mo yàn, irú èyí tó ń sáré 402 mítà lórí ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ débi pé táyà lè máa yí lójú kan kí ọkọ̀ má kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti to ìdí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Irin gbọọrọ mẹ́rin ló so axle ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mọ́ ara ọkọ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Four-link ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí i nínú fídíò pé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbéra, imú rẹ̀ a lọ sókè. Mo wá gbà pé bí ìdí bá ṣe rì tó ni táyà yóò ṣe di ilẹ̀ mú tó. Mo bá to irin mi kí ìdí lè rì.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ já mi nírọ́. Ẹ mú ọkọ̀ 1,200 kg, tòun ti dẹ́rẹ́bà, tí mítà 2.5 wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn, tí àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ sì fi ìdajì mítà ga kúrò nílẹ̀. Bó bá gbéra ní 1 g, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń yára sí i tó bá ń já bọ́ láti òkè, ẹ fi 1,200 lọ́nà 0.5, kí ẹ pín in sí 2.5: 240 kg yóò kúrò níwájú, yóò bọ́ sẹ́yìn. Ẹ tún un wò. Kò sí súpíríǹgì nínú ìṣirò yẹn rárá. Ìdí ì báà rì, ì báà ga, 240 kg náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ẹrù náà gbà dé orí táyà. Bó bá gba orí súpíríǹgì, súpíríǹgì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ súnkì. Bó bá gba inú irin mẹ́rin yẹn, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló dé.

Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé, àmọ́ kò yé mi. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan nítòsí Tákìé ló là mí lójú. Mọ́tò akẹ́rù kan kó máńgòrò, ó fẹ́ gun gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá fi ẹfun fa ìlà sí ẹnu axle, níbi tí pùròpẹ́là, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, ti wọ̀ ọ́, ó ní, "Injiníà, ẹ̀gbẹ́ ni kóo lóṣòó sí o, má wọ abẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ni kóo máa wò." Bí dẹ́rẹ́bà ṣe tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, ìlà ẹfun náà gbéra sókè, súpíríǹgì pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ sì tẹ̀ bíi lẹ́tà S. Táyà ń yí síwájú, àpótí axle ń fẹ́ yí sẹ́yìn. Ọ̀gá ní, "Ibi tó bá dì mú ni yóò fi ti ọkọ̀."

Mo padà sí yàrá mi ní Under G, mo gún páálí mọ́ ògiri, mo ya irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ sí i, mo sì na òwú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ síwájú títí wọ́n fi pàdé. Ibi ìpàdé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fa ìlà láti ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀ lọ sókè ẹsẹ̀ iwájú, níbi tó ga tó àárín gbùngbùn ìwúwo, tí òwú yín sì pàdé lórí ìlà yẹn, ìdí ọkọ̀ kò ní rì, kò sì ní ga. Nínú ọkọ̀ tí a ṣírò, tí wọ́n bá pàdé ní mítà 1.25 síwájú táyà ẹ̀yìn, gíga ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Tèmi jẹ́ 12. Abájọ tó fi ń rì.

Inú mi dùn, mo sáré gbé e dé 40, ìyẹn náà tún di àṣìṣe. Bó bá ga ju ìlà lọ, ara ọkọ̀ á fò sókè, á fi agbára tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ó dára, àmọ́ bí shock absorber bá rọ̀ jù, ara ọkọ̀ á dé òpin ibi tó lè ga dé, ẹrù á fò kúrò lórí táyà, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán.

Níwájú àwọn tó yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹnìkan bi mí pé bí èyí bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Top Fuel, ọkọ̀ tó yára jù nínú eré NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò irú eré ìje yìí ní Amẹ́ríkà, kò ní súpíríǹgì lẹ́yìn? Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni: axle rẹ̀ di mọ́ férémù gbagidi, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ju ti ẹṣin 11,000 lọ. Táyà ńlá tó rọ̀ àti férémù gígùn tó ń tẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ súpíríǹgì fún un. Ẹ múra ìdáhùn yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bi yín.

Bí ẹ bá wá dé ìdí ọkọ̀ gidi, afẹ́fẹ́ táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sábà dọ́gba. Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà ń lò ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣeé gbára lé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó yí òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, yíyí pùròpẹ́là máa ń tẹ táyà òsì mọ́lẹ̀, á máa gbé ti ọ̀tún. Irin adènà-títẹ̀ (anti-roll bar), tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ni wọ́n fi ń mú un dọ́gba. Kí dẹ́rẹ́bà jókòó sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó so irin náà. Bí bóòtù bá fi ọwọ́ lásán wọ ihò, ó ti tọ́. Ẹ dì í.