Bí Àwọn Tọ́rọ̀ Kàn Ṣe Ń Wo Ìdàgbàsókè Tó Máa Tọ́jọ́: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìwádìí Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ yìí, ibi tí mo ti ṣìṣe ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí mi àkọ́kọ́, lórí ilé iṣẹ́ kan tó ń lo omi púpọ̀, ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo pín fún àwọn tọ́rọ̀ kàn, ìyẹn àwọn tó ra ìpín ìdókòwò, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn oníbàárà àti àwọn tó ń gbé nítòsí. Mo bi wọ́n bóyá ó ṣe pàtàkì kí ilé iṣẹ́ náà dáàbò bo àyíká, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó sọ pé rárá, ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu gbogbo wọn kò. Ẹnu wọn kò kò rárá. Èmi ni n kò béèrè ohun tó yẹ.

Nígbà tí mo padà lọ jókòó tì wọ́n, àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ nípa omi tí àwọn ọmọ wọn yóò mu, àwọn tó ra ìpín sì ń ro bóyá omi yóò tó ẹ̀rọ lò títí owó wọn yóò fi padà. Omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yàtọ̀, iye ọdún tí wọ́n ń wò níwájú náà sì yàtọ̀.

Ní 1987, ìgbìmọ̀ tí Gro Harlem Brundtland darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣàlàyé ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń pèsè fún àìní àwọn tó wà láyé lónìí láì dí àwọn ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́ láti pèsè fún tiwọn. Mo fẹ́ràn àlàyé náà, àmọ́ kò sọ àìní ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn tó ń ṣe òfin àti ìlànà fún ilé iṣẹ́ pàápàá kò fi ojú kan wò ó. Ìlànà IFRS S1, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí ìròyìn tí ilé iṣẹ́ ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, tó jáde ní 2023, ní kí ilé iṣẹ́ sọ fún àwọn olùdókòwò ohun tó lè kan owó tó ń wọlé fún un àti owó tó lè rí yá. Òfin CSRD, òfin lórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2022, fi kún un pé kí ilé iṣẹ́ sọ ìpalára tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn àti àyíká, bí kò bá tilẹ̀ tíì kan àpò rẹ̀. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, nítorí pé ìlànà tí ẹ bá yàn ló ń pinnu ẹni tí ohùn rẹ̀ yóò wọ inú ìròyìn yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni mo kẹ́dùn fún jù. Bí ọ̀gá bá ní ẹ̀rọ tuntun tí kì í tú èéfín ń bọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́ ni pé iṣẹ́ òun lè bọ́. Àdéhùn Paris ti 2015, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìyípadà ojú ọjọ́, dárúkọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìròyìn ni kì í mẹ́nu kàn án. Ní ti àwọn oníbàárà, ẹ wo ohun tí wọ́n rà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn yóò rà nìkan.

Nísinsìnyí, ohun mẹ́ta ni mo ń bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n ń bẹ̀rù láti pàdánù, ọdún mélòó ni wọ́n ń rò, ta ni wọ́n gbà pé yóò san owó àtúnṣe? N kì í da ìdáhùn wọn pọ̀ ṣírò mọ́. Ojú ìwé tirẹ̀ ni mo ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà á padà sí etí wọn kí ó tó dé ọwọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́.